Ọkọ̀ Àgbẹ́ Tí A Jogún: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Fà Á Lé Ẹni Tó Yẹ Lọ́wọ́

Ọkọ̀ àgbẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi tí a fi odindi igi kan gbẹ́, tí kì í ṣe pákó ni a kàn mọ́ra. Ní agbègbè Ore àti Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú rẹ̀ ṣì máa ń jẹ yọ nínú ogún ìdílé: lẹ́yìnkùlé ilé àtijọ́, ní àhéré oko, tàbí nínú ẹrẹ̀ létí Odò Olúwa lápá Agbábù. Ore fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú etí omi. Oríta ni, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tó tẹ̀dó síbẹ̀ ló ní bàbá tàbí bàbá ńlá tó fi ọkọ̀ pẹja, tó sì fi kó ẹrù lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá.

Igi gbàǹgbà tó ṣeé gbẹ́ ọkọ̀ ti di ọ̀wọ́n. Èyí tó sì kù nínú igbó ọba Olúwa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e láìgba àṣẹ ìjọba. Nítorí náà, ọkọ̀ àgbẹ́ tó bá bàjẹ́ lónìí kò rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò. Òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá jogún rẹ̀ ni pé a kì í fọ̀ ọ́, a kì í tà á, a kì í sì í tì í sómi, àfi tí a bá ti mọ ohun tó jẹ́ àti ẹni tó ni ín.

Ohun èlò tí a nílò

- Téèpù ìwọ̀n tó gùn tó mítà 10, rúlà kékeré, ìwé àti pẹ́ńsù
- Fóònù tàbí kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò, àti tọ́ọ̀ṣì
- Bàtà òjò tó ga dé orókùn, ìbọ̀wọ́ awọ, ìbòmú àti ọ̀pá gígùn
- Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti aṣọ àkísà tó mọ́
- Ìṣó tín-ínrín kan tàbí orí súkúdíráfà, tí a ó fi dán igi wò
- Ọ̀bẹ mímú kékeré àti ike kan tó ní ìdérí
- Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, igi róbótó mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a ó fi yí ọkọ̀, okùn líle, àpò ìdọ̀họ àti tapólì
- Aṣọ pupa, bí ọkọ̀ yóò bá gba ojú títì

Kò sí ìwé yanrìn, ọṣẹ, kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà nínú àwọn ohun èlò yìí. Wọn kò wúlò ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí a mọ ẹni tó ni ín

Pé ọkọ̀ wà lẹ́yìnkùlé ẹnì kan kò sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Tí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ohun tó fi sílẹ̀ sábà máa ń di ti gbogbo ọmọ. Nínú àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín in: ìdí-igi, tí í ṣe pínpín gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ, àti orí-ojorí, tí í ṣe pínpín gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí ìdájọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ kan kò ṣeé là sí méjì. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ sí ohun tí a fẹ́ ṣe, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Tí àbúrò bá ta ọkọ̀ láìjẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n gbọ́, ẹjọ́ lẹni tó rà á rà.

A tún gbọ́dọ̀ bi àwọn àgbà bóyá ọkọ̀ náà ti jẹ́ ti ojúbọ, ti oyè tàbí ti ọdún ìbílẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí àwọn tó ni ìtọ́jú rẹ̀ tó dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí a sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣọ́ra

Abẹ́ ọkọ̀ tí a ti dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ọdún pípẹ́ jẹ́ ibùgbé ejò, àkeekèé àti oyin. Ọ̀sán gangan ni kí a ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Kí a fi ọ̀pá gígùn gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí a dúró díẹ̀, kí a sì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Bí oyin bá wà níbẹ̀, ẹni tó ń sin oyin tàbí ọdẹ tó mọṣẹ́ ni kí a pè. A kò gbọdọ̀ fi iná lé e, nítorí igi gbígbẹ tó ti mu epo tàbí kólítà rí máa ń gbiná kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fọ́tò àti ìwọ̀n

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ojú ibi tó wà, kí a ya fọ́tò iwájú, ìdí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ikùn àti abẹ́ rẹ̀, kí a sì gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a ń yà. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ọ́, ibi tí wọ́n gbẹ́ àmì sí àti ihò okùn gba fọ́tò tiwọn lọ́tọ̀.

Ìwọ̀n mẹ́rin ni a nílò: gígùn láti orí dé ìdí, fífẹ̀ láàárín, jíjìn ikùn, àti nínípọn igi ní etí àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni a ó fi téèpù yí abẹ́ ọkọ̀ ká láti etí kan dé etí kejì. Ìwọ̀n yìí ni a ó fi ṣírò bí ó ti wúwo tó nígbà tí a bá fẹ́ gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọkọ̀ ni tàbí ẹkù?

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Odigbo àti Òkìtìpupa. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ tí a bá rí lóko ni ọkọ̀. Òmíràn jẹ́ ẹkù tí wọ́n ti fi ń fo epo, tàbí ọpọ́n ńlá tí wọ́n ń re ẹ̀gẹ́ sí. Àmì tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí:

- Orí àti ìdí ọkọ̀ máa ń sún wọ́lé, abẹ́ iwájú rẹ̀ a sì gbé sókè kí ó lè la omi. Orí ẹkù sábà máa ń pẹlẹbẹ, bí wọ́n ti gé igi gan-an.
- Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kì í nípọn ju bó ti yẹ lọ, agbẹ́kọ̀ á sì ti sa ipá kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Ẹkù lè nípọn lápá kan, kí ó fẹ́lẹ́ lápá kejì, nítorí kò ní í léfòó.
- Etí ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ní ibi tó ti dán nítorí okùn àwọ̀n, ọ̀pá ìtukọ̀ tàbí àjẹ̀ tó ti ń fara kàn án. Ihò okùn ìdákọ̀ró lè wà níwájú.
- Inú ẹkù máa ń dúdú, ó sì máa ń gbóòórùn epo.

Àwọn igi kan jẹ́ méjèèjì, nítorí ọkọ̀ tó bá ti gbó ni wọ́n máa ń sọ di ẹkù. Èyí kò ba iyì rẹ̀ jẹ́. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ìlò rẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Irú igi wo ni?

Kí a wá ibi tí kò hàn síta, lábẹ́ ìdí ọkọ̀, kí a fi ọ̀bẹ há igi díẹ̀, tí kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Inú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn ni yóò sọ̀rọ̀, nítorí òjò àti oòrùn máa ń sọ gbogbo igi di àwọ̀ eérú. Ìrókò máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tó ń ṣú lọ sí àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀gànwó máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè. Arère máa ń funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó sì fúyẹ́. Àràbà fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ó rọ̀, ó sì máa ń tètè jẹrà.

Eruku ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń dí èémí. Ìbòmú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bí iyèméjì bá wà, kí a tọ́jú èérún igi náà sínú ike, kí a fi hàn àgbà káfíńtà tàbí oníṣẹ́ sọ́ọ̀mìlì ní Ore. Ibi tí a ó ti rí ìdáhùn tó dájú ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó àti igi ní Yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, tàbí ilé ìwádìí igbó FRIN ní Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ orí rẹ̀

Igi kì í sọ ọdún rẹ̀ ní tààrà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ nǹkan. Ojú àáké máa ń fi ihò pẹlẹbẹ kéékèèké sílẹ̀ tí wọn kò dọ́gba. Ẹ̀rọ ìlagi máa ń fa ìlà tó tò lọ gbọnrangandan. Ìdí tí wọ́n gé pẹrẹsẹ ń fi hàn pé wọ́n ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn rí, tàbí pé wọ́n tún ìdí rẹ̀ ṣe nítorí ẹ́ńjìnnì. Ìṣó àti páànù tí wọ́n fi lẹ̀ ọ́ ń sọ ọjọ́ orí àtúnṣe. Wọn kò sọ ti ọkọ̀.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ni ẹnu àwọn àgbà, bí a bá mọ bí a ṣe ń bi wọ́n. Kí a má bi bàbá àgbà pé “Ọdún wo ni?” Kí a bi wọ́n pé: “Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí ti wà kí ogun Ore tó jà?” Ọdún 1967 nìyẹn. Ṣé kí wọ́n tó tẹ Ayétòrò dó ní etíkun Ìlàjẹ ni? 1947. Ṣé kí náírà tó dé? 1973. Ṣé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀? 1976. Ìbéèrè tó ṣe kókó jù níwájú òfin ni bóyá ó ti wà ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ọdún 1918, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kí a bi ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìlera igi

Kí a fi ìṣó tín-ínrín tẹ igi díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní ìsàlẹ̀ àti níbi tó ti kan ilẹ̀. Igi tó le á kọ ìṣó; èyí tó ti jẹrà á gbà á wọlé. Kí a kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka: bí ó bá dún gbófo, ó ṣeé ṣe kí ikán ti jẹ inú rẹ̀. Àtíbàbà ikán ní abẹ́ rẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun igi tó ń dà sílẹ̀ láti inú ihò kéékèèké, fi hàn pé kòkòrò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kí a gbé ọkọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀, lábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan ni a ó fi gbá ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò.

*Ìkìlọ̀ fún ọkọ̀ tí a hú nínú ẹrẹ̀.* Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú omi tàbí ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ kíákíá. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé igi náà dúró. Bí oòrùn bá fà á jáde, igi á sán, á sún kì, á sì wó. Kí a fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kí a fi tapólì wé e, kí a máa wọ́n omi sí i, kí a sì pe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún dára jù kí a má hú u rárá kí wọ́n tó dé. Ọkọ̀ Dufuna ní Ìpínlẹ̀ Yobe jẹ́ àpẹẹrẹ: inú kànga tí wọ́n ń gbẹ́ ni darandaran kan ti rí i ní 1987, àwọn onímọ̀ sì hú u jáde ní 1994. Ó gùn ju mítà 8 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ, òun sì ni ọkọ̀ tó dàgbà jù tí a mọ̀ ní Áfíríkà. Ní Sweden, ọdún 17 ni wọ́n fi fín oògùn sí ara ọkọ̀ ogun Vasa kí igi rẹ̀ tó lè gbẹ láìwó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tí òfin sọ

Òfin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà ti 1979, tí àjọ NCMM ń mú ṣẹ, ka iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún ka èyí tó níye lórí nínú ìtàn, tí wọ́n sì ti lò fún ètò ìbílẹ̀, mọ́ ọn, ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn gbé owó wá. Àjọ náà tàbí aṣojú tó fọwọ́ sí ló lè rà á. Kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Kò yẹ kí ẹni tó jogún ọkọ̀ dá ẹjọ́ yìí fúnra rẹ̀. Bí àgbà kan bá sọ pé bàbá òun bá ọkọ̀ náà nílẹ̀ ni, kí a kó fọ́tò àti ìwọ̀n lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, tó wà ní ọgbà ààfin Ọlọ́wọ̀ láti 1968. Fọ́tò ni kí a kọ́kọ́ kó lọ. Kí ọkọ̀ dúró sílé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ta ni ó yẹ kí a fún?

Ipò tí igi wà àti ìtàn rẹ̀ ni yóò pinnu èyí. Owó kọ́.

- *Mọ̀lẹ́bí.* Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ní òrùlé àti ìfẹ́ láti tọ́jú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i.
- *Apẹja.* Ọkọ̀ tí igi rẹ̀ le, tí kò ju ọdún mélòó kan lọ lórí ilẹ̀, tí kò sì ní ìtàn àrà ọ̀tọ̀, lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Agbábù tàbí Ìgbọ́kọ̀dá.
- *Ààfin, ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn ìlú.* Ibẹ̀ ló yẹ ọkọ̀ tó lẹ́wà ṣùgbọ́n tí kò lè gba omi mọ́. Kí a rí i dájú pé wọ́n ní òrùlé. Ọkọ̀ tí a gbé síwájú ọgbà láìbò kì í pẹ́ kí ikán àti òjò tó jẹ ẹ́ tán.
- *Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.* Wọn kì í gba gbogbo ọkọ̀. Èyí tó ní ìtàn tó dájú, orúkọ agbẹ́kọ̀ àti fọ́tò láti ojú ibi tó wà ló máa ń wù wọ́n.
- *Ìlò mìíràn.* Ọkọ̀ tó ti jẹrà ní apá kan, tí òfin kò dè, lè di ìjókòó tàbí ibi ìgbin òdòdó. Èyí ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí ohun tí a bá ti fi ayùn gé kò ṣeé dá padà.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Gbígbé e

Kí a ṣírò bí ó ti wúwo kí a tó pe ènìyàn. A ó mú gígùn ọkọ̀, a ó fi ìwọ̀n téèpù tí a fi yí abẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà a ó fi nínípọn igi sọ ọ́ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ní mítà. Bí ọkọ̀ bá gùn ní mítà 6, tí yíyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí igi sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó jẹ́ 6 × 1.5 × 0.04, tí í ṣe 0.36 kúbíìkì mítà. Ìrókò gbígbẹ máa ń tó nǹkan bí kílò 650 ní kúbíìkì mítà kan, nítorí náà ọkọ̀ yìí yóò tó kílò 234. Bí ó bá jẹ́ arère, tí í ṣe nǹkan bí 380, kò ní ju kílò 137 lọ. Igi tó ti mu omi máa ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí a má gbé ju kílò 30 lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ọkọ̀ ìrókò yẹn fẹ́ ènìyàn mẹ́jọ, ẹnì kan á sì dúró lọ́tọ̀ láti máa pàṣẹ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, igi róbótó ni a ó fi yí i. Abẹ́ ọkọ̀ ni a ó ti gbé e. A kì í fà á ní etí, nítorí etí ló máa ń kọ́kọ́ ya. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú ọkọ̀ tó ń yí sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àpò ìdọ̀họ ni a ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí a dè é níbi mẹ́ta, kí a má fún okùn jù. Bí ìdí rẹ̀ bá yọ síta, kí a so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí ìrìn-àjò sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé ẹbí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ awakọ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ igbó lè dá ẹrù igi dúró lójú ọ̀nà.

Bí ọkọ̀ yóò bá padà sómi

Igi tó ti gbẹ máa ń jò ní ọjọ́ kìíní, kí ó tó mu omi tí yóò sì wú. Nítorí náà, kí a so ọkọ̀ mọ́ èèkàn nínú omi tí kò ju orúnkún lọ, láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí, kí a gbọ́n omi inú rẹ̀, kí a sì wá ibi tó ṣì ń jò. Agbẹ́kọ̀ tàbí káfíńtà ọkọ̀ ni yóò fi òwú àti kólítà dí i. Iná tí a fi ń yọ́ kólítà kò gbọdọ̀ wà nítòsí ọkọ̀, omi kò sì gbọdọ̀ kán sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí yóò ta sí ènìyàn lára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ó mọ odò í wẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wà létí omi. A kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ ogún kó èrò. Àjọ NIWA, tó ń mójú tó ọ̀nà omi, tún ka ìrìn òru léèwọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi ìwé yanrìn tàbí ẹ̀rọ omi alágbára “tún un ṣe”. Ojú àáké tó jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí á pa rẹ́.
- Fífi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa á láti lé ikán. Kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́, iná sì máa ń tètè ràn án.
- Fífín oògùn apakòkòrò nínú yàrá tí a tì pa. Ẹni tó fín in ló máa ń kọ́kọ́ mu májèlé rẹ̀.
- Yíyọ páànù àti ìṣó àtijọ́ dànù. Apá kan ìtàn ọkọ̀ ni wọ́n.
- Gbígba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó o lọ sí òkè òkun kí àjọ NCMM tó sọ̀rọ̀.

Ìwé ìfàlélọ́wọ́

Ojú ewé kan tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ọkọ̀, irú igi, ohun tí àwọn àgbà sọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, ipò tó wà lọ́jọ́ náà, orúkọ ẹni tó gbà á, àti bóyá títà ni, fífún ni tàbí yíyá ni. Bí ó bá jẹ́ yíyá, kí ọjọ́ ìdápadà hàn níbẹ̀. Olórí ẹbí, aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gba ọkọ̀ àti ẹlẹ́rìí méjì ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹbí á mú ẹ̀dà kan, ẹni tó gbà á á mú ẹ̀dà kejì, fọ́tò á sì wà pẹ̀lú méjèèjì. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé yìí lọ́wọ́, kí ó má tíì kúrò nílé.